Ewé Ìwé Tí Ewúrẹ́ Jẹ ní Ìtòkò, Tí Mo Lọ Kà ní Ṣikágò

Èmi, Dọ́káàsì Àbẹ̀ní Ọlátúndùn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọmọ Josáyà Ṣótúnmbí, kátíkíìsì àti olùkọ́ ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta. Ọmọ-ọmọ Ṣótúnmbí ọdẹ, ẹni tí kò pa ju ọ̀yà méjì lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó fi ogójì ọdún ròyìn wọn. Opó Ebenésérì Lájídé, ẹni tí mo ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìrìnnà nìkan. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìròyìn yìí. Mo to ìran mi lẹ́sẹẹsẹ kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ẹni tí kò ní ará ilé ni ó lọ sunkún nínú ilé òyìnbó. N óò sunkún, ẹ óò sì gbọ́ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ilé rere ni ó sunkún.

Àpótí méje

Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ mí ni ó mọ̀ pé ewì ọmọdé ni mo ń kó jọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń kó àwo tánńganran jọ, pẹ̀lú ìyàtọ̀ yìí, pé àwo tiwọn ń fọ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ewì tí a tẹ̀, ewì tí a kò tẹ̀ rí, orin òṣùpá, orin tí a fi ń ka ìka ọwọ́, títí dé orin èébú tí àwọn ọmọ fi ń bú ara wọn lẹ́yìn ṣáláńgá: gbogbo rẹ̀ ni mo ní. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé kì í jẹgba lọ́dọ̀ mi. Ewì tí n kò gbọ́ rí ni yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òbí fi mí sùn ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Alábòójútó tí wọ́n rán láti wádìí mi pẹ́ dé, mo sì gba ewì kan lọ́wọ́ òun náà kí ó tó jókòó.

Inú àpótí páànù méje ni mo kó wọn sí. Ẹsẹ̀ tábìlì tí ó gbé wọn dúró nínú agolo kẹrosíìnì nítorí ikán, káńfọ̀ sì wà láàárín ìwé kan àti èkejì. Ọkọ mi olóògbé máa ń wí pé ilé òun ń rùn bí ọsibítù tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe. Ó gbé inú rẹ̀ títí ó fi kú. N kò rò pé káńfọ̀ ni ó pa á.

Orí ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kọ ewì fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré ti ìjọ tẹ̀ ẹ́: ewé mẹ́jọ, pẹ̀lú àwòrán fìtílà lára èèpo ẹ̀yìn. Iná jó ilé ìwé, ó jó àwọn ẹ̀dà tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan tí ó kù nílé wa, ewúrẹ́ ìyá mi jẹ ewé ìkẹyìn rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, nítorí pé èmi ni mo mú un lọ sí àgbàlá. Wọ́n nà mí. Wọn kò na ewúrẹ́. Ní ọdún kejì Bàbá kú, kò sì tún ìwé mìíràn tẹ̀.

Ewì ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ní ojú-ìwé tí ewúrẹ́ fi sílẹ̀ fún wa:

Ilẹ̀ ti ṣú, mo tan fìtílà,
Mo ka adìyẹ, wọ́n pé;
Mo ka àgùntàn, wọ́n pé;
Mo ka ọmọ, mo tún ọmọ kà.
Nínú gbogbo ojú tí iná tàn sí,
Ojú ta ni mo kọ́kọ́ ń wá?

Ìdáhùn wà nínú ikùn ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Ojú Àbẹ̀ní ni. Bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Jẹ̀mímà Àṣàkẹ́, ẹni tí ó fi ọdún kan ààbọ̀ jù mí lọ tí ó sì ń ṣe bí ẹni pé ogún ọdún ni, wí pé ojú Àṣàkẹ́ ni, àti pé Bàbá sọ ọ́ fún òun. Kò sí èyí tí ó mọ ìwé kà nínú àwa méjèèjì nígbà tí ewúrẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. A ti jà sí ọ̀rọ̀ náà níbi ìgbéyàwó, a ti jà sí i níbi ìsìnkú, a sì ti jà sí i lórí ìkúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. A bi ìyá wa nígbà ayé rẹ̀. Ó ní ojú òun ni. Mo tilẹ̀ wá bàbá arúgbó kan rí ní Ìbarà tí ó ti jẹ́ ọmọ kíláàsì Bàbá. Ó ní ojú òun, Túnjí, ni. Mo bá àwọn ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn pé ọjọ́ ogbó ti dé sí i lórí.

Nígbà náà ni lẹ́tà dé láti Ṣikágò. Ó ti di ọdún kẹrìndínlógún tí èmi àti Misi Edna Tófáàdì, akówèéjọ bí tèmi, ti ń kọ̀wé sí ara wa lórí ewì ọmọdé, láìfi ojú kan ara wa rí. Ó ní òun rí ìwé kékeré kan nínú àpótí míṣọ́nárì kan tí ó ti kú: èdè Yorùbá, kò ní ojú-ìwé àkọ́kọ́, àwòrán fìtílà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà náà sí etí Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ìgbà díẹ̀. Ó ní, ‘Lọ kà á wá, kí n mọ̀ kí n tó kú. Bí ó bá jẹ́ orúkọ rẹ ni, má padà wá.’

Bí wọ́n ṣe gbà mí

Ìbídùn, ọmọ mi obìnrin, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣikágò. Ọkọ rẹ̀, Múfútáù, ni ó wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Apòògùn ni, Mùsùlùmí ni, ọmọ Ìṣẹ́yìn sì ni. Mo ti fi ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jì í. Ó tẹ̀ríba díẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀, ó ní, ‘Ẹ káàbọ̀, Màmá.’

Mo dúró. ‘Múfútáù, ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?’

‘Rárá, Màmá. Ibí yìí ni. Àwọn èèyàn ń wò.’

‘Jẹ́ kí wọ́n wò. Wọn ò rí irú ẹ̀ rí.’

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀ dáadáa ni òyìnbó méjì ti sáré dé, ọ̀kan mú rédíò lọ́wọ́, wọ́n ń kígbe pé kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan ti ń tú táì ọrùn rẹ̀.

‘Kò ṣe mí ní nǹkan kan!’ ni Múfútáù ń pariwo láti ilẹ̀. ‘Ìyá ìyàwó mi ni mò ń kí!’

Ẹni tí ó mú rédíò wò mí láti orí gèlè dé bàtà, ó sì fún Múfútáù lọ́wọ́ kí ó dìde. Ó ní ó ti yé òun. Ó ní bí ìyá ìyàwó òun náà ṣe ń ṣe òun nìyẹn.

Ní Hazel Crest

Ìlú tí ọmọ mi ń gbé lẹ́bàá Ṣikágò, Hazel Crest, dákẹ́ bí ilé ìwé tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí. Oṣù kẹwàá ni, gbogbo ewé igi wọn sì ti pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Mo sọ fún Múfútáù pé kí ó wá nǹkan fi tọ́jú wọn, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ apòògùn. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún ni, wọn a sì kú, wọn a tún jí. Mo ní kì í ṣe ohun tí Mùsùlùmí yẹ kí ó máa kọ́ mi nìyẹn.

Ìwà àwọn ènìyàn wọn ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní òwúrọ̀ kejì, ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ òtútù, tí ajá rẹ̀ náà wọ aṣọ òtútù, kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sì bi mí bóyá àlàáfíà ni mo wà. Ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí dá a lóhùn: mo ní ara dá, àfi orúnkún òsì, mo ní àwọn ará ilé wà dáadáa, àfi ojú Ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀rọ̀ ojú, ó ti rìn jìnnà. Mo rò pé etí rẹ̀ ni kò gbọ́, mo sì tẹ̀lé e. Ó yára; mo yára. Ajá náà ń wẹ̀yìn wò mí. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo tó padà, èmi náà sì bi í bóyá àlàáfíà ni òun wà, ṣùgbọ́n ó ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

‘Mọ́mì!’ ni Ìbídùn wí nígbà tí ó gbọ́. ‘Nébọ̀ wa ń bẹ̀rù láti jáde báyìí! Tí wọ́n bá ní háwàyú, kò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ dá wọn lóhùn gan-an. Ẹ kàn ní fáìn, kẹ́ ẹ máa lọ. Ṣíìfù iṣẹ́ mi máa bẹ̀rẹ̀ láago méje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀lé ẹnikẹ́ni mọ́.’

Mo ní ìlú tí a ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè tí a kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, olùkọ́ kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Edna

Ní ọjọ́ Ẹtì, Múfútáù fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Evanston, ní àríwá ìlú, níbi tí Misi Tófáàdì ń gbé. A gba ẹ̀bá omi kan tí wọ́n ń pè ní adágún. N kò rí òdìkejì rẹ̀. Ohun tí a kò rí òdìkejì rẹ̀, òkun ni, kí wọ́n yéé fi ìrẹ̀lẹ̀ purọ́.

Obìnrin gíga kan ṣílẹ̀kùn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tòun ti ṣòkòtò. ‘Dorcas!’ ni ó ké. Dọ́káàsì lásán, láìsí Misis, láìsí Màmá. Ìyá mi nìkan ni ó ń pè mí bẹ́ẹ̀, pàṣán a sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. ‘Kí o máa pè mí ní Edna,’ ni ó tún wí. Mo ṣàlàyé fún un pé ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, àti pé ẹnu mi kò gbà á. Nítorí náà Ẹ̀gbọ́n Edna ni yóò máa jẹ́. Ó bèèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n túmọ̀ sí.

‘Ẹni tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún kí a tó bá a jà.’

Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni.

Ó wo aṣọ sányán mi, ó wo iyùn ọrùn mi, ó wá bèèrè bóyá àwọn súẹ́tà tí òun ń fi ránṣẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní wọ́n ń dé, mo sì dúpẹ́. Àwọn ni a fi ń wọ àwọn ọmọ ilé ìwé bí àgùntàn nígbà eré Kérésìmesì. Ojú rẹ̀ pọ́n fòò. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tú jáde. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi parí gbogbo lẹ́tà mi sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé ìwé, pé èmi ni ìránṣẹ́ yín onígbọràn jùlọ. Ẹ̀gbọ́n Edna sì gbà á gbọ́. Ó rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí nínú ilé olówó kan, tí mo ń fi iná ìdáná kàwé ní ìkọ̀kọ̀.

‘Ṣùgbọ́n súẹ́tà, Ẹ̀gbọ́n? Ní Abẹ́òkúta?’

‘O kọ̀wé sí mi pé ọyẹ́ ti dé. O ní òtútù rẹ̀ ń la ètè yín.’

Múfútáù ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀: ewé tútù tí kò kan iná rí, nínú abọ́ igi, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì tútù tí ń dún lẹ́nu bí ìgbà tí a ń ṣẹ́ igi. Mo rántí ewúrẹ́ ìyá mi. Mo sì jẹ ẹ́ tán. Ewúrẹ́ ti jẹ ìwé mi, mo wá jẹ oúnjẹ ewúrẹ́. Ìjà ti parí láàárín àwa méjèèjì.

Ó wá mú wa wọ yàrá ìwé rẹ̀. Láti ilẹ̀ dé àjà, ewì ọmọdé ni, ti gbogbo ayé, ìwé kọ̀ọ̀kan nínú bébà rẹ̀ tí ń dán. Kò sí agolo kẹrosíìnì, kò sí káńfọ̀. Mo jowú. Ta ni kò ní di akówèéjọ níbi tí kò sí ikán?

Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé àpótí kékeré kan sọ̀kalẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún mi kí n má fi ọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwé bàbá mi. Mo rí àwòrán fìtílà. Ó ṣí ewé ìkẹyìn, mo tẹ̀ríba, mo kà:

Ojú Sámúẹ́lì ni.
Bí n kò bá tíì rí i, n kò ní tilẹ̀kùn.

Sámúẹ́lì

Ẹ̀gbọ́n Edna fi ayọ̀ mú káàdì kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó fi hàn mí. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé Sámúẹ́lì ni akéwì náà, ẹni tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀.

N kò gbọ́ ìyókù. Nínú ilé wa kò sí Sámúẹ́lì. Kò sí i ní ìdílé Bàbá, kò sí i ní ti Ìyá. Kátíkíìsì Josáyà Ṣótúnmbí, ẹni tí kì í jẹ́ kí olóbìnrin méjì jẹ ara Olúwa, ní ọmọkùnrin kan níta, ojú ọmọ náà ni ó sì kọ́kọ́ ń wá! Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìyá Sámúẹ́lì láàárín àwọn obìnrin ìjọ Ìtòkò ìgbà èwe mi. Mo rí mẹ́ta tí ó ṣeé ṣe.

‘Màmá,’ ni Múfútáù rọra bi mí, ‘ta ni Sámúẹ́lì?’

‘N kò mọ̀.’

‘Ọmọ Bàbá ni?’

‘Pa ẹnu rẹ dé.’

‘Ẹ má bínú, Màmá. Mo kàn ní kí n sọ pé àwa Mùsùlùmí, gbangba la ti ń fẹ́ tiwa.’

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. N kò sunkún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ Bàbá. Ẹ̀ṣẹ̀ ti pẹ́ láyé. Mo sunkún nítorí pé èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi fi gbogbo ayé wa jà sí ohun tí kò jẹ́ ti ẹnì kankan nínú wa, àti pé afọ́jú kan ń dúró dè mí ní Ìtòkò, tí n óò mú ìròyìn yìí lọ bá.

Ẹ̀gbọ́n Edna fún mi ní bébà ìnujú. Mo nu awò mi, mo tún un fi sójú, mo sì tún wò ó, nítorí pé olùkọ́ kì í ka ìdáhùn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ọ̀rọ̀ ewì náà, ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Pẹ́ńsùlù ni. Lẹ́tà kan ga, èkejì kúrú, ẹ̀kẹta wọ́, bí lẹ́tà ọmọ tí ó yọ ahọ́n síta bí ó ti ń kọ̀wé. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo sì rí àwọn àmì kéékèèké tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí èèrà.

Àlàfo ni. Àlàfo tí olùkọ́ ń fi sílẹ̀ kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Èmi, tí mo fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ dá ọmọ ìlú Abẹ́òkúta lóró ní gbogbo ìdánwò, n kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo rí i. Bàbá tẹ ewì kan fún kíláàsì rẹ̀, ó sì fi ààyè sílẹ̀ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Nígbà tí ó bá sì ń kà á fún ènìyàn, orúkọ ẹni tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ó ń pè. Túnjí ti Ìbarà kò ṣarán. Ìyá mi kò ṣẹ̀fẹ̀. Ọkùnrin náà ti sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ó sì fi gbogbo wa sílẹ̀ kí a máa jà.

Mo rẹ́rìn-ín títí Múfútáù fi wá àga fún mi.

Mo ṣàlàyé fún Ẹ̀gbọ́n Edna pé Sámúẹ́lì rẹ̀ kì í ṣe akéwì, olódo kíláàsì kan ni, bí mo bá wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn. Ó wo káàdì rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, ‘Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á, nígbà náà?’

Mo dìde, mo so ọwọ́ mi pọ̀ sí iwájú bí a ti kọ́ wa, mo ké ewì náà ní Yorùbá, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé àlàfo, mo wo ojú rẹ̀, mo ní: ‘Ojú Edna ni. Bí n kò bá tíì rí i, n kò ní tilẹ̀kùn.’

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun náà, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì, ó sì gbé ìwé bàbá mi lé mi lọ́wọ́.

‘Gbogbo ìwé inú ilé yìí,’ ni ó wí, ‘èmi ni mo kà wọ́n fún ara mi.’ Lẹ́yìn náà ni ó ní, ‘Tún un kà.’ Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó mú mi kà á, bí ọmọ tí kò fẹ́ sùn.

Èrò olè wá sí mi lọ́kàn, n kò ní parọ́. Mo wo báàgì mi. Báàgì mi gbà á. Ṣùgbọ́n Múfútáù ń wò mí, n kò sì lè gbà kí ọmọ Ìṣẹ́yìn ṣe ẹlẹ́rìí mi. Mo dá ìwé padà. Ẹ̀gbọ́n Edna ní kí n padà wá ní ọjọ́ Àìkú, òun yóò ti lọ fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ewé náà fún mi. Ó ní òun yóò lẹ bébà pẹlẹbẹ mọ́ orí orúkọ náà kí òun tó ṣe é, kí àlàfo lè ṣófo. Pípa á rẹ́ ni kò lè ṣe. ‘Sámúẹ́lì náà ní bàbá,’ ni ó wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Hazel Crest, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra, mo sì ké ewì náà pẹ̀lú orúkọ Àbẹ̀ní, lẹ́ẹ̀mejì, sókè.

‘Mọ́mì, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ nínú ibẹ̀?’ ni Ìbídùn bèèrè.

‘Bàbá mi.’

‘Fáìn,’ ni ọmọ mi wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìtòkò

N kò tíì sọ àpò kalẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n mi fi ní kí n kà á. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ àga mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún. Mo ṣí ẹ̀dà náà. Mo ka adìyẹ, mo ka àgùntàn, mo ka ọmọ. Nígbà tí mo dé àlàfo, mo dákẹ́.

‘Ojú Àṣàkẹ́ ni!’ ni ó ké. ‘Àbí irọ́ ni? Kí ló dé tí o dákẹ́? Sọ ọ́ kí n gbọ́!’

Mo wo ìlà náà, níbi tí kò sí ẹnì kankan.

‘Ojú Àṣàkẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Bí n kò bá tíì rí i, n kò ní tilẹ̀kùn.’

‘Mo sọ fún ọ! Láti ọdún wo ni mo ti ń sọ fún ọ!’ Ó pàtẹ́wọ́, ó ké sí àwọn ará ilé kí wọ́n wá gbọ́. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó na ọwọ́, ó wá ojú mi káàkiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi rí i, ó sì fọwọ́ pa á. ‘Má bínú, Àbẹ̀ní,’ ni ó wí. ‘Bàbá fẹ́ràn ìwọ náà. Níwọ̀nba.’

Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èyí nira ju ìrìn-àjò Ṣikágò lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí yóò bá ka ìròyìn yìí sí etí Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ ọ́, bí o bá ti dé ibi tí a ti dárúkọ Sámúẹ́lì, ṣe bí ewúrẹ́. Jẹ ewé náà.

Ní ti ìwé bàbá mi àti Ẹ̀gbọ́n Edna, ojú kan náà ni mo ti rí àwọn méjèèjì kẹ́yìn, nígbà tí mo lọ gba ẹ̀dà mi. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ìwé náà wà láyà rẹ̀, kò wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mo bojú wẹ̀yìn títí Múfútáù fi yà ní kọ́nà. Atẹ́gùn adágún ń fẹ́, òtútù ń mú, ó dúró síbẹ̀, kò sì tíì ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 1984.